Arúgbó inú Fíìmù Kòríà

Kò sí ẹni tó lè pe orúkọ àwọn ará Kòríà nínú ilé Àdìsá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ wọ́n lórúkọ ará àdúgbò. Bí fíìmù tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn á kọ́kọ́ jókòó pín orúkọ ná. Èyí tó bá sanra di Alájì Àlàsàn onílé. Èyí tó bá rẹwà, kálukú á máa fà á mọ́ra. Orúkọ tí ẹni náà bá sì gbà lọ́jọ́ kìíní ni yóò máa jẹ́ títí fíìmù yóò fi parí. Nígbà tí ọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní Tìjání kú lójú ogun nínú fíìmù èṣí, Àwẹ̀ró, ìyàwó Àdìsá, sunkún dáadáa. Nígbà tó nu ojú tán, ó rékọjá àgbàlá lọ kí Tìjání gidi, aládùúgbò wọn, pé kú ewu.

Fíìmù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná kì í ṣe kékeré. Ti ayé àtijọ́ ni, ti ọba àti iwin àti adágún omi kan láàárín òkè. Faransé ni wọ́n fi ń sọ ọ́, Kúlúsúmù, ọmọ wọn tó wà nílé ìwé, sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àti ìyá bàbá rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wọ Ìyá Àgbà lójú ni bí àwọn ènìyàn náà ṣe ń kúnlẹ̀, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ń fi iwájú orí kan ilẹ̀ fún òbí wọn. Ó ní ilé ire ni wọ́n ti wá. Irun àwọn ọkùnrin wọn ni Àwẹ̀ró ń wò ní tirẹ̀, tó gùn dé ìdí tó sì ń dán. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń bá wọn fọ aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ jà nínú ẹrẹ̀. Àdìsá ní oúnjẹ wọn ló ń kọ òun lóminú, àwo lọ súà lórí tábìlì, kò sì sí èyí tó lè yó ọmọ Kambolé, ìlú tí wọ́n ti wá.

Lẹ́yìn náà ni arúgbó kan yọ létí adágún. Kò ní eyín iwájú, ó na ẹsẹ̀ kan, ó ń yan ohun kan tó jọ iṣu lórí ẹyín iná. Ìyá Àgbà wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́.

"Èmi rèé," ó ní. "Ẹ má wá ẹlòmíràn."

Bẹ́ẹ̀ ni arúgbó náà ṣe gba orúkọ rẹ̀. Obìnrin kan wà nínú fíìmù tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n sọ ìyẹn ní Bísí, ìyàwó Tìjání, nítorí òun nìkan ló ní ọmọ ọwọ́ nínú àgbàlá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú nínú fíìmù, arúgbó bọ́ aṣọ, ó di lékeléke ńlá, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì ki ẹnu bọ ẹnu ọmọ tó ń sùn. Ibẹ̀ ni iná lọ. Wọ́n pòṣé, wọ́n ní kò burú, wọ́n máa ń tún un fi hàn ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Ní òwúrọ̀, Kúlúsúmù gbé ike lọ síbi ẹ̀rọ omi àdúgbò wọn ní Kouloundè, ní Sokodé ní ilẹ̀ Tógò. Èrò pọ̀ lórí ìlà, àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yí i ká, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé, òun sì mọ ìtàn sọ.

"Ìyá àgbà mi wá bọ́ aṣọ," Kúlúsúmù ń wí, "ó di lékeléke. Ó fò, ó gba ojú fèrèsé wọ yàrá Tantie Bísí. Ọmọ ń sùn, ara rẹ̀ gbóná. Ìyá àgbà mi fi ẹnu sí i lẹ́nu, ó ń fa èémí rẹ̀. Ó ń fà á."

"Ọmọ náà kú?" ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

"Mi ò tíì mọ̀. Iná lọ."

Bísí gan-an ló dúró lẹ́yìn wọn, tòun ti korobá. Ọmọ rẹ̀ Mùízù wà lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ ń jó, kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kan oorun láti ìjẹta. Bísí kò bèèrè fíìmù kankan. Ó fi korobá sílẹ̀ níbẹ̀, ó yí padà, ó ń sáré.

N kò ní bú obìnrin náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń jó lẹ́yìn, etí rẹ̀ kì í gbọ́ ohun méjì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ̀fọn kún Kouloundè fọ́fọ́, gọ́tà tí kò ṣàn wà lẹ́yìn ilé, ibà ń mú ọmọ ní gbogbo ìgbà òjò, síbẹ̀ bí ọmọ bá ti gbóná, arúgbó ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń wò. A kì í wo ọkùnrin tó lówó. A kì í wo ọ̀dọ́. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí eyín rẹ̀ ti ká, tó ń jókòó níbi tí oòrùn òwúrọ̀ bá wà, òun ni ojú wa máa ń rí.

Nígbà náà, Ìyá Àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ jà. Àwẹ̀ró ń dín àkàrà tó ń tà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀wà yìí ò kúná," Ìyá Àgbà wí. "Mo ń jẹ ẹ́, ó ń ha mí lọ́nà ọ̀fun."

"Ìyá, ẹ ti jẹ mẹ́rin tó ń ha yín lọ́fun."

"Mo ń jẹ ẹ́ kí n lè mọ ohun tí mò ń sọ ni."

"Lọ́la ẹ̀yin lẹ ó lọ̀ ọ́."

"Bí mo bá lọ̀ ọ́, ta ni yóò tún ra tìrẹ mọ́?"

Irú ìjà yìí kì í tán láàárín wọn, kì í sì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n wà tí Tìjání fi wọlé. Aṣọ ló ń tà ní ọjà ńlá Sokodé, bàbá rẹ̀ ló wá láti Nàìjíríà, ó sì máa ń kí ènìyàn títí ọwọ́ yóò fi ro ẹni tó ń kí. Lówùúrọ̀ yìí kò kí ẹnikẹ́ni. Bísí wà lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti ọmọ, àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi sì wà lẹ́yìn Bísí.

"Ìyá Kambolé," Tìjání wí, "ẹ dá èémí ọmọ mi padà."

Àwẹ̀ró mú ṣíbí kúrò nínú epo. Ìyá Àgbà wo Tìjání, ó wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àkàrà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìdérí ìkòkò.

"Kí ló dé, Bàbá Mùízù?" Àwẹ̀ró bèèrè.

"Ẹ bi ọmọ yín. Lójú gbogbo ayé ló ti sọ ọ́. Ìyá yìí di ẹyẹ, ó wọ yàrá wa, ó ń fa ọmọ mi lẹ́nu."

Kúlúsúmù ti sá dé, ike rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. "Film ni, tonton," ó wí fún Tìjání. "Film ni mò ń sọ. Orúkọ lásán la pín."

"Ẹ gbọ́," obìnrin kan wí láàárín èrò. "Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Èyí tó kọ́kọ́ sọ ni òótọ́. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ọmọ wo ló kú?" Àwẹ̀ró wí. "Ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ó ń mí. Ẹ̀yin ti ń gbẹ́lẹ̀ fún un."

Bísí ti pe ìyá rẹ̀ ní Tchamba lórí fóònù kó tó dé ilé, ìyá rẹ̀ ti pe ọ̀rẹ́ kan ní Kambolé láti fi wádìí irú ẹni tí Ìyá Àgbà jẹ́. Nígbà tí Kúlúsúmù tún fi ń ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì pé fíìmù ni, ọ̀rọ̀ ti rìn jìnnà ju ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ lè lé e dé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe onílé. Alájì Àlàsàn dé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ àti ikùn rẹ̀, ó jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Tem ni èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bá Yorùbá ṣòwò títí ó fi ń bá wọn pòwe.

"Èmi ò sọ pé òótọ́ ni," ó wí. "Èmi ò sọ pé irọ́ ni. Àlàáfíà ni mo fẹ́ nínú ilé mi. Kí ìyá lọ sí Kambolé ná, kí ọ̀rọ̀ tutù. Kó tó di alẹ́."

Ohun tí àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ máa ń sọ nìyẹn bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìkà. Wọn kò pariwo, wọn kò na ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn fẹ́ àlàáfíà. Arúgbó tí wọ́n bá sì fi irú ọ̀rọ̀ yìí lé kúrò ní ìlú kan, ìlú kejì á ti gbọ́ kó tó sọ̀ nínú ọkọ̀. Ní Kambolé wọn kò ní lù ú. Wọn kàn kò ní bá a jẹun mọ́. Bó bá ń kọjá, wọn á pe ọmọ wọn wọlé. Bó bá sì kú, wọn á ní ó pẹ́ kó tó kú. Gbogbo ẹni tó wà nínú àgbàlá ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà sì mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ.

Àdìsá dé lórí ọ̀kadà rẹ̀ láàárín ìyẹn. Ó ti ń gbé èrò láti ìdájí, ẹnì kan ló pè é láti wá wo nǹkan nílé. Ọmọ dáadáa ni, gbogbo Kouloundè mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Kì í jẹun tí ìyá rẹ̀ kò bá tíì jẹun. Ó gbọ́ ẹjọ́ Tìjání, ó gbọ́ ti onílé, ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà ń wò ó. Gbogbo ènìyàn ń retí kó sọ pé irọ́ ni.

"Kò burú," Àdìsá wí. "N ó gbé wọn lọ sílé fún ìgbà díẹ̀."

Ìyá Àgbà mú ojú kúrò lára rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Àdìsá wọlé lọ di ẹrù. Àwẹ̀ró bá a nínú yàrá, ó ń ká ìró ìyá rẹ̀ sínú báàgì, ó ń ká a dáadáa, etí rẹ̀ kan etí.

"Kí lẹ ń dì?"

"Ẹrù Maami."

"Àwọn ló ní kí ẹ bá àwọn dì í?"

"Kí ni kí n ṣe? Onílé ti sọ̀rọ̀. Ṣé ká dúró kí wọ́n wá ju òkúta sí wọn?" Ó gbé ẹní ìkírun ìyá rẹ̀ lé báàgì. "Ìwọ náà, ìwọ tó ń bá wọn jà láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ṣebí ó yẹ kí inú rẹ dùn."

"Mò ń bá wọn jà," Àwẹ̀ró wí. "Mo bá wọn jà lórí iyọ̀, mo bá wọn jà lórí ọṣẹ, mo bá wọn jà lórí ẹ̀wà láàárọ̀ yìí. Ẹni tó ń báni jà lójoojúmọ́ ló mọni. Bí ìyá yìí bá ní ìkà nínú, èmi ni wọn ì bá kọ́kọ́ fi ṣe. Ẹ wò mí. Mo sanra."

Àdìsá ń wá ibi tí yóò ki búútà àlùwàlá sí nínú báàgì.

Àwẹ̀ró jáde, kò sì dúró níwájú Tìjání tàbí níwájú onílé. Ọ̀dọ̀ Bísí ló lọ tààrà. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọrùn ọmọ, ó gbé e kúrò kíákíá.

"Bísí, ọmọ yìí ń jóná."

Bísí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Wọ́n ní tí a bá gbé e kúrò nílé láìjẹ́ pé wọ́n dá a padà, yóò kú lọ́nà."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti wọlé. "Bísí," ó ní, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ìgbà wo ló mu ọmú kẹ́yìn?"

Bísí wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. "Àná, ìyá. Àná lọ́sàn-án."

"Gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí mo bá jẹ́ àjẹ́, n ó ṣì wà níbí nígbà tí ẹ bá dé."

"Ọ̀rọ̀ ayé kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà," Tìjání wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Bàbá Mùízù, ẹ gbọ́ mi," Àwẹ̀ró wí. "Agogo mẹ́ta ni rediffusion, àtúnfihàn fíìmù tí ọmọ mi ń sọ. N ó gbé télé wá sí gbangba. Ẹ̀yin pẹ̀lú Alájì, ẹ jókòó níbí kí ẹ wò ó. Ìyá kò ní kúrò lójú yín. Bí ẹ kò bá rí lékeléke, bí ẹ kò bá rí arúgbó, èmi Àwẹ̀ró ni n ó gbé ẹrù ìyá yìí rù dé gáréèjì. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè dúró de agogo mẹ́ta."

Bísí kò dúró kí ọkọ rẹ̀ ronú tán. Ó tún ọmọ pọ̀n, ó fa ọ̀já le. Àdìsá sì jáde nínú yàrá pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó ń wá ẹni tí yóò bá a wá ọkọ̀ Kambolé. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ síwájú rẹ̀.

"Ọ̀kadà kan lẹ ní," ó wí. "Ẹ ò lè fi wá ọkọ̀ fún ìyá kí ẹ tún fi gbé ọmọ lọ. Ẹ mú ọ̀kan."

Àdìsá wo báàgì, ó wo Bísí. Ó gbé báàgì sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó tan ọ̀kadà, Bísí sì gun ẹ̀yìn rẹ̀. Báàgì náà wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, Ìyá Àgbà kò fọwọ́ kàn án. Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun kò jẹ. Èyí tún dẹ́rù ba Àwẹ̀ró, torí arúgbó náà kì í kọ oúnjẹ, bíbú ló máa ń bú u.

Kí agogo mẹ́ta tó lù, àgbàlá ti kún. Àwọn tó wá wo àjẹ́ wà níbẹ̀, àwọn tó wá wo fíìmù wà níbẹ̀, àwọn mìíràn kò tiẹ̀ mọ èwo làwọn wá wò. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sórí tábìlì, wọ́n fa wáyà jáde láti inú yàrá, wọ́n fi aṣọ ṣíji bò ó nítorí oòrùn. Àwẹ̀ró ń wo gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tàn sílẹ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí iná lọ lónìí, kó mú un lọ lọ́la bó bá fẹ́.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Òkè yọ, ìkùukùu ń bẹ lórí rẹ̀, omi adágún dúró jẹ́ẹ́.

"Ibi wo nìyí?" onílé bèèrè.

"Òkè Kòríà ni, Alájì."

"Ó jọ òkè tiwa tó wà lójú ọ̀nà níbẹ̀ yẹn. Tiwọn kàn mọ́ tónítóní ni."

Kúlúsúmù ń túmọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, kò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni. "Ọkùnrin yẹn sọ pé ọmọ ọba ń ṣàìsàn," ó ń wí. "Obìnrin yẹn sọ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣàìsàn."

"Obìnrin wo?" wọ́n bèèrè lẹ́yìn.

"Èyí tó wọ aṣọ funfun."

"Gbogbo wọn ló wọ aṣọ funfun."

"Èyí tó dọ̀bálẹ̀."

"Gbogbo wọn ló dọ̀bálẹ̀."

Wọ́n ṣe é báyìí fún ìgbà díẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ìyá yàtọ̀ sí ọmọ, ọba nìkan ni wọ́n dá mọ̀ nítorí àga rẹ̀. Ó sú Tìjání. "Ọmọ," ó ní, "sọ wọ́n lórúkọ jọ̀ọ́, ká lè mọ ibi tá a dé."

Kúlúsúmù wo ìyá rẹ̀. Àwẹ̀ró mi orí pé kó sọ.

"Ọba ni Alájì," ọmọ náà wí.

Alájì Àlàsàn tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó jókòó dáadáa, látìgbà náà ni kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bí ọba bá ti ń sọ̀rọ̀.

"Jagunjagun onírun gígùn ni bàbá mi. Èyí tó ní ọmọ ọwọ́ yẹn ni Tantie Bísí."

"Èmi ńkọ́?" Tìjání bèèrè.

"Ẹ ò sí nínú eléyìí, tonton. Ẹ ti kú nínú ti èṣí."

Ẹ̀rín bú jáde kó tó di pé ẹnikẹ́ni rántí pé àwọn ń bínú. Tìjání fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ẹ̀rín fi máa tán, arúgbó létí adágún ti yọ, ó na ẹsẹ̀ kan, ó ń yan ohun tó jọ iṣu. Ẹnikẹ́ni kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Kúlúsúmù ti sorí kọ́.

"Èmi rèé," Ìyá Àgbà wí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, sókè ketekete.

Wọ́n wò ó. Wọ́n yí ojú padà sí tẹlifíṣọ̀n.

Ilẹ̀ ṣú nínú fíìmù. Aṣọ arúgbó bọ́, ìyẹ́ funfun yọ, lékeléke fò kọjá lórí omi, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó ki ẹnu bọ ẹnu ọmọ. Gbogbo rẹ̀ rí bí Kúlúsúmù ṣe sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Obìnrin tó pa òwe àjẹ́ láàárọ̀ rọra fi ìdí rìn sẹ́yìn lórí ẹní.

Iná kò lọ. Ẹyẹ náà fa ohun kan jáde lẹ́nu ọmọ, èéfín dúdú ni. Ó gbé e fò padà sí adágún, ó pọ̀ ọ́ sínú omi, omi náà hó. Ìyẹ́ já lára ẹyẹ, ó ṣubú sétí omi, ó tún di arúgbó, ó ń wúkọ́. Nínú yàrá lọ́hùn-ún, ọmọ lajú, ó ń sunkún ọmú. Àwọn obìnrin inú àgbàlá mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú inú fíìmù rí ìyẹ́ funfun lójú fèrèsé, wọ́n kó iná ògùṣọ̀, wọ́n gba ọ̀nà adágún lọ, wọ́n yí ahéré arúgbó ká. Ibi tí wọ́n ti na iná sókè ni ó parí, orin dé, orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá.

"Àwọn ará ìlú yìí ò gbọ́n rárá," Tìjání wí, inú ń bí i. "Ṣé wọn ò rí i pé ìyá yẹn ló wo ọmọ sàn ni? Wọn ò bèèrè, wọn ò wádìí, iná ni wọ́n kọ́kọ́ mú."

Onílé ń wo ìdí àga rẹ̀. Tìjání gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó yí ojú sí Ìyá Àgbà.

"Bàbá Mùízù," Ìyá Àgbà wí. "Bó bá jẹ́ pé ó pa ọmọ náà ńkọ́?"

"Ìyá?"

"Mo ní, bí arúgbó inú télé bá pa ọmọ yẹn jẹ. Ṣé èmi ni ẹ ó torí ẹ̀ gbé sínú ọkọ̀?"

Tìjání wo báàgì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Alájì Àlàsàn ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwẹ̀ró bi í léèrè pé níbo ni àgbà wà láàárọ̀, onílé sì ní òun ń gbọ́ ìpè ìrun, bẹ́ẹ̀ ìpè kò tíì dún.

Ọ̀kadà Àdìsá ló dún. Bísí sọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ wà láyà rẹ̀ báyìí, ẹnu rẹ̀ wà lẹ́nu ọmú, ó ń fà á kíkankíkan. Wọ́n ní pálù ni, ibà ẹ̀fọn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún wọn ní oògùn, nọ́ọ̀sì sì sọ fún Bísí pé ká ní wọ́n dúró di ọ̀la ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Bísí kò lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó gba àárín èrò kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà tòun ti ọmọ.

"Ìyá, ẹ má bínú."

"Mo ń bínú," Ìyá Àgbà wí. "Dìde, má jẹ́ kí ọmú bọ́ lẹ́nu ọmọ. Inú tó ń bí mi á lọ. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, pe ìyá rẹ ní Tchamba padà. Ẹnu tó fi sọ tàárọ̀ ni kó fi sọ ti ọ̀sán, kó sì dé Kambolé bí tàárọ̀ ṣe dé ibẹ̀."

Bísí yọ fóònù níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń sọ pé rárá, Maami, fíìmù ni, fíìmù lásán ni, ó sì ń sọ ọ́ léraléra. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bi Kúlúsúmù nígbà tí apá kejì yóò jáde, àwọn mìíràn kí Ìyá Àgbà bí wọ́n ṣe ń kọjá, ó sì ń dáhùn.

Ó wá ku Àdìsá níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nawọ́ mú báàgì kó lè gbé e wọlé.

"Dúró," ìyá rẹ̀ wí. "Ìwọ lo dì í. Tú u síbí."

Àdìsá jókòó, ó ṣí báàgì. Ó mú búútà jáde. Ó mú ẹní ìkírun jáde. Ó mú ìró tó ká dáadáa, ó gbé e lé itan.

"Àdìsá. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, o gbà á gbọ́?"

Ọmọ rẹ̀ gbé ojú sókè. "Rárá, Maami. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba ìyàwó rẹ náà," ìyá rẹ̀ wí. "Ṣùgbọ́n òun kò di ẹrù mi."

Omi dà lójú Àdìsá, kò nù ún, ó ń kó ẹrù jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí báàgì fi ṣófo. Ìyá Àgbà wo gbogbo rẹ̀ tán lórí ilẹ̀, ó yí sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ìyàwó, gbé oúnjẹ yẹn wá," ó ní. "Ti àwa méjèèjì, èmi àti ọkọ rẹ."